Jehoiakimu Kò Fa Aṣọ Rẹ̀ Ya

A gbọ́ pé ilé tí ọmọ kò ti wúkọ́ ṣọ̀wọ́n ní ìlú yìí lásìkò yìí, àwọn ìyá sì ń fi òróró ra àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó ti là. Kí Ọlọ́run kó wa la ọyẹ́ ọdún yìí já. Ní òwúrọ̀ tí a jókòó láti kọ ojú ewé yìí, ẹ̀wù òtútù méjì ni a wọ̀ léra, ìkòkò èédú sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa. Bí a ti ń yáná ni ọkàn wa lọ sí ọ̀dọ̀ ọba kan tí òun náà ń yáná nínú ilé rẹ̀ ní irú oṣù òtútù báyìí, tí wọ́n sì mú ìwé kan wá kà sí i létí. Orúkọ rẹ̀ ni Jehoiakimu, ọba Juda. Ohun tí ó fi ìwé náà ṣe ni a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí, nítorí ọ̀ràn kan tí ó kan àwa fúnra wa, tí a óò dé orí rẹ̀ kí a tó fi gègé sílẹ̀.

Kí àwọn ará wa Mùsùlùmí má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá o. Ẹ̀yin náà mọ Fáráò, tí Àlùkùráánì ń pè ní Fir‘aon, ẹ sì mọ ibi tí agídí gbé e dé. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àwọn ọba méjèèjì lé ìwọ̀n, lójú tiwa, ẹ̀ṣẹ̀ Jehoiakimu ni ó wúwo jù. Fáráò lè wí pé òun kò mọ Olúwa tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀. Inú òrìṣà ilẹ̀ rẹ̀ ni a bí i sí. Jehoiakimu kò rí irú àwáwí bẹ́ẹ̀ wí. Ilé tí a ti ń wólẹ̀ fún Ọlọ́run ni a ti tọ́ ọ dàgbà.

Josiah ni bàbá tí ó bí i. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Josiah nígbà tí a fi í jọba, ó sì lo ọdún 31 lórí ìtẹ́. Ní ọdún kejìdínlógún ìjọba rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ìtàn fi sí nǹkan bí ọdún 622 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ń tún tẹ́ńpìlì Jerusalẹmu ṣe. Nǹkan kan wà nínú ìtàn àtúnṣe yìí tí a kì í sábà gbọ́ lórí àga ìwàásù. Owó tí àwọn ará ìlú mú wá ni a kó lé àwọn alábòójútó iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì san án fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn ọ̀mọ̀lé àti àwọn agbẹ́kùúta. A kò tilẹ̀ bá wọn ṣírò owó náà, nítorí pé olóòótọ́ ni wọ́n. Ẹ fi àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà yìí sọ́kàn, a óò tún padà bá wọn.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń lọ lọ́wọ́ ni Hilkiah olórí àlùfáà ti rí ìwé òfin nínú tẹ́ńpìlì. Ó gbé e fún Ṣafani akọ̀wé, Ṣafani sì kà á níwájú ọba. Ẹni ọdún 26 ni ọba nígbà náà. Bí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, ó di aṣọ ara rẹ̀ mú, ó fà á ya, ó sì sunkún. Aṣọ ọba ni o, kì í ṣe àkísà. Ó rán àwọn ènìyàn lọ sí ọ̀dọ̀ Hulda, wòlíì obìnrin, kí wọ́n béèrè ohun tí ìlú yóò ṣe. Lára àwọn tí ó rán ni Ṣafani tìkára rẹ̀, Ahikamu ọmọ Ṣafani, àti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Akbori. Èsì tí Hulda fi rán wọn padà ni pé ibi ń bọ̀ wá sórí ìlú náà, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkàn ọba rọ̀, tí ó sì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kì yóò fi ojú rẹ̀ rí i.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ wò. Ní ọdún tí a ń wí yìí, ọmọ bí ọdún méjìlá ni Jehoiakimu, ẹni tí wọ́n ń pè ní Eliakimu nígbà náà. Ọmọ ọdún méjìlá ti gbọ́n tó láti béèrè ìdí tí bàbá òun fi wọ aṣọ yíya.

Ní ọdún 609 Josiah kú ní Megido, níbi tí ó ti lọ dènà Fáráò Neko ará Ijipti. Àwọn ará ìlú kò mú Eliakimu jọba. Àbúrò rẹ̀, Jehoahasi, ni wọ́n mú, a kò sì lè ṣàì rò pé wọ́n ti mọ ìwà ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta péré ni àbúrò náà lò tí Neko fi dè é, ó mú un lọ sí Ijipti, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Neko fi ẹ̀gbọ́n jọba, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Jehoiakimu, ó sì bu ìṣákọ́lẹ̀ lé ilẹ̀ náà: 100 talẹnti fàdákà àti talẹnti wúrà kan. Ọba tuntun kò mú un nínú àpò ara rẹ̀. Ó pín in lé àwọn ará ìlú lórí, ó sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni ọdún 25 ni nígbà tí ó jọba, ọdún 11 ni ó sì lò.

Ìlú tí ó ń san irú owó báyìí ni ọba rẹ̀ tún dìde nínú rẹ̀ tí ó ní ààfin tí òun bá nílẹ̀ kò gba òun. Wòlíì Jeremiah, tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà, fi bí ilé náà ti rí sílẹ̀ fún wa: ilé gbàràmù, yàrá òkè tí ó fẹ̀, fèrèsé ńláńlá, igi kedari lára ògiri, ọ̀dà pupa tí a fi kùn ún. Láti Lẹ́bánónì ni wọ́n ti ń gbé irú kedari bẹ́ẹ̀ wá, ẹni tí ó bá sì ti kọ́ ilé rí nínú yín mọ ohun tí pákó ọ̀nà jíjìn ń náni kí ó tó dé orí ilẹ̀ ẹni. Ó rí owó pákó san. Owó àwọn tí ó kan pákó mọ́ ògiri ni kò san. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n gbọn ẹrùpẹ̀ ọwọ́ wọn nù, wọ́n lọ sílé lófìfo. Òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń bẹ ní ibòòji, ni àwọn bàbá wa wí. Ibòòji kedari ni Jehoiakimu jókòó sí ní tirẹ̀.

Onímọ̀ kan, Yohanan Aharoni, wú ilẹ̀ ní òkè kan tí ń jẹ́ Ramat Rahel, láàárín Jerusalẹmu àti Bẹtilẹhẹmu, ní ọdún 1954, àti láti 1959 títí di 1962. Ó rí ààfin àtijọ́ kan níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn òpó kékeré olókùúta tí a fi ń ṣe ojú fèrèsé lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì rò pé ààfin Jehoiakimu gan-an ni òun bá pàdé. Àwọn tí ó wú ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Àwa kò bá wọn dá sí i. Ọ̀rọ̀ tí wòlíì sọ sí ọba nípa ilé náà ni ó ká wa lára ju òkúta lọ. Ó bi í bóyá igi kedari ni ó ń sọ ènìyàn di ọba. Ó rán an létí pé bàbá rẹ̀ náà jẹ, ó mu, kò fi ebi pa ara rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ó ń gba ẹjọ́ tálákà rò, ayé sì dára fún un. Lẹ́yìn èyí ó sọ fún un irú ìsìnkú tí yóò rí: ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí a wọ́ jáde tí a sì jù sẹ́yìn ẹnu ibodè. Àwa tí ń gbé òkè Ọya kò nílò alálàyé níbí yìí. A mọ bí a ti ń ṣe òkú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ṣé ẹ ó wí pé ọba kò gbọ́ ni? Ó gbọ́. Wòlíì mìíràn wà tí ń jẹ́ Uriah, ọmọ Ṣemaiah ará Kiriati-jearimu, tí òun náà ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí Jeremiah ń sọ. Ọba fẹ́ pa á, ó sá lọ sí Ijipti. Ìbá ti tán síbẹ̀ fún ọba mìíràn, nítorí ẹni tí ó sá kúrò nílùú kò lè da ìlú rú mọ́. Ṣùgbọ́n Jehoiakimu rán ènìyàn tẹ̀ lé e dé Ijipti, wọ́n mú un bọ̀, ó fi idà pa á, ó sì sọ òkú rẹ̀ sí itẹ́ àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹni tí ó ṣáájú àwọn tí a rán ni Elnatani ọmọ Akbori. Ẹ ṣì rántí Akbori? Josiah rán bàbá lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wòlíì. Jehoiakimu rán ọmọ lọ mú wòlíì wá fún idà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Elnatani fi tẹrú jẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Jeremiah ìbá bá Uriah lọ, bí kò ṣe Ahikamu ọmọ Ṣafani tí ó dúró tì í.

Ní ọdún 605 Nebukadnessari ará Babiloni ṣẹ́gun ogun Neko ní Karkemiṣi lẹ́bàá odò Yufurate. Ọ̀gá tí ó fi Jehoiakimu jọba ṣubú lọ́jọ́ náà. Ní ọdún yìí kan náà, tí í ṣe ọdún kẹrin Jehoiakimu, ni Ọlọ́run sọ fún Jeremiah pé kí ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun ti bá a sọ láti ìgbà Josiah wá sínú ìwé kan, bóyá wọn yóò gbọ́, bóyá wọn yóò yí padà tí òun yóò sì dárí jì wọ́n. A fẹ́ kí ẹ kíyè sí ìdí tí a fi kọ ìwé náà. A kò kọ ọ́ láti fi bú ọba. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣí sílẹ̀ fún un. Jeremiah ń pè é, Baruku akọ̀wé rẹ̀ sì ń fi tàdáwà kọ ọ́ sínú ìwé tí a ká jọ bí ẹní.

Wọn kò gba Jeremiah láàyè láti wọ tẹ́ńpìlì, nítorí náà ó dúró di ọjọ́ tí gbogbo ìlú yóò péjọ, kí Baruku lè lọ kà á. Ọjọ́ náà dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún karùn-ún, tí ó bọ́ sí ìparí ọdún 604, nígbà tí wọ́n kéde ààwẹ̀ ní Jerusalẹmu. Ní ọdún 1956, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ D. J. Wiseman tẹ ìtumọ̀ àwọn wàláà amọ̀ Babiloni kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú èyí tí a ti kà pé ní oṣù yìí gan-an ni Nebukadnessari gba Aṣkeloni tí ó sì sọ ọ́ di òkìtì àlàpà. Láti Aṣkeloni dé Jerusalẹmu kò ju ìrìn ẹsẹ̀ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ lè fojú inú wo bí wọ́n ti gba ààwẹ̀ ọ̀hún.

Yàrá Gemariah, ọmọ Ṣafani mìíràn, ni Baruku dúró sí tí ó fi kàwé sí etí gbogbo ènìyàn. Mikaiah ọmọ Gemariah gbọ́, ó sáré lọ sọ fún bàbá rẹ̀ àti àwọn ìjòyè yòókù. Wọ́n rán Jehudi lọ pe Baruku, wọ́n fi í jókòó, wọ́n ní kí ó kà á fún àwọn náà. Bí ó ti kà á tán, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kò lè ṣàì sọ fún ọba. Wọ́n sì mọ ọba. Wọ́n sọ fún Baruku pé kí òun àti Jeremiah lọ sá pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n fi ìwé náà sí yàrá Eliṣama akọ̀wé, wọ́n wọlé tọ ọba lọ lọ́wọ́ òfo, wọ́n fi ẹnu sọ fún un. Ọba ní kí Jehudi lọ gbé e wá.

Inú ilé òtútù ni ọba jókòó sí, iná ń jó nínú ìkòkò níwájú rẹ̀, gbogbo ìjòyè dúró yí i ká. Jehudi bẹ̀rẹ̀ sí kà. Bí ó bá ti ka ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọba yóò mú ọ̀bẹ akọ̀wé, irú èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹnu gègé bí àwọn mọ́là àdúgbò wa ti ń gbẹ́ kálámù, yóò gé ibi tí a ti kà kúrò, yóò sì sọ ọ́ sínú iná. Jehudi a tún kà, ọba a tún gé. Báyìí ni wọ́n ṣe títí ìwé náà fi jóná tán.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka ìtàn yìí, ohun tí a kò kíyè sí tẹ́lẹ̀ ni sùúrù ọkùnrin náà. Ẹni tí inú ń bí yóò já ìwé gbà lẹ́ẹ̀kan, yóò sọ ọ́ sínú iná, ó parí. Jehoiakimu jókòó, ó jẹ́ kí a kà á fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kò wọ̀ ọ́ létí kí ó tó di eérú. Nítorí náà kì í ṣe pé ó ṣe é nínú ìbínú, kì í ṣe pé wọ́n ṣì í lọ́nà, kì í ṣe pé kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó yáná sí i.

Ẹni tí ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fi gbólóhùn kan kún un: ẹ̀rù kò ba ọba, ẹ̀rù kò ba àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fa aṣọ rẹ̀ ya nínú wọn. Èé ṣe tí ó fi dárúkọ aṣọ? Ó mọ̀ pé ẹni tí yóò kà á yóò rántí aṣọ Josiah. Àwọn tí ó gbọ́ èdè Heberu sì jẹ́rìí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò fún yíya aṣọ bàbá àti fún gígé ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀kan ya aṣọ nítorí ìwé. Èkejì ya ìwé, ó sì tọ́jú aṣọ.

Mẹ́ta nínú àwọn ìjòyè bẹ ọba pé kí ó má ṣe sun ún: Elnatani, Delaiah àti Gemariah. Bẹ́ẹ̀ ni, Elnatani tí a rán sí Ijipti lọ́jọ́sí. Bóyá òkú Uriah ṣì ń wá a wá lóru ni. Inú wa dùn sí i pé ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba kò dá a lóhùn. Ọba rán Jerahmeeli àti àwọn mìíràn pé kí wọ́n lọ mú Baruku àti Jeremiah, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi wọ́n pamọ́. Níbi tí wọ́n sá sí, Jeremiah mú ìwé mìíràn, Baruku sì tún gbogbo rẹ̀ kọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Èyí tí a kọ lẹ́ẹ̀kejì ni ó dé ọwọ́ wa. Bí ọba bá gbà á gbọ́, a kì bá tí mọ ìtàn iná náà rárá.

Ìyókù kò gùn. Ọdún mẹ́ta ni Jehoiakimu fi sin Nebukadnessari. Wàláà tí a wí lẹ́ẹ̀kan sọ pé ní ọdún 601 Babiloni àti Ijipti kojú, àwọn méjèèjì sì fara gbọgbẹ́ gidigidi, Nebukadnessari padà sílé. Ó jọ pé èyí ni Jehoiakimu rí tí ó fi ṣọ̀tẹ̀. Ní ìparí ọdún 598, bí ogun Babiloni ti ń bọ̀, ó kú. Ìwé Àwọn Ọba sọ ibi tí a sin Josiah sí; nígbà tí ó kan Jehoiakimu, ó ní ó sùn pẹ̀lú àwọn bàbá rẹ̀, ó dákẹ́, kò dárúkọ ibojì kankan. Ọmọ rẹ̀ Jehoiakini, ẹni ọdún 18, ni ó bá ogun lẹ́nu ibodè. Oṣù mẹ́ta ni ó lò. Ní ọjọ́ kejì oṣù Adari, tí a ṣírò sí ọjọ́ 16 oṣù Mààṣì ọdún 597, Babiloni gba ìlú náà. Wọ́n kó ọba, ìyá rẹ̀, àwọn aya rẹ̀ àti àwọn ìjòyè lọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10,000 ìgbèkùn, a sì kà á níbẹ̀ pé wọ́n kó gbogbo àwọn oníṣọ̀nà àti àwọn alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú. Àwọn oníṣọ̀nà! Àwọn tí kò rí owó ààfin gbà ni wọ́n tún bá gbèsè ọba lọ. Ní Babiloni ni wọ́n ti rí àwọn wàláà tí a kọ òróró oúnjẹ Jehoiakini àti àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún sí. Ernst Weidner tẹ̀ wọ́n jáde ní 1939. Ní ọdún 586 ni wọ́n wá sun Jerusalẹmu tán.

Nínú ilé kan tí ó jóná lọ́jọ́ ìparun yẹn, àwọn tí Yigal Shiloh ṣáájú wọn wú ilẹ̀ ní ọdún 1982, wọ́n sì rí èdìdì amọ̀ kéékèèké bí àádọ́ta, irú èyí tí wọ́n fi ń di ìwé. Ìwé tí wọ́n dì ti jóná; iná tí ó jó ìwé ni ó sun amọ̀ gan gẹ́gẹ́ bí ìkòkò, tí kò fi fọ́. Orúkọ tí ó wà lára ọ̀kan nínú wọn ni Gemariah ọmọ Ṣafani. Ẹni tí ó ní kí ọba má sun ìwé nìyẹn o. Èdìdì rẹ̀ la iná já.

Ó kù kí a sọ ti wa. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, bàbá kan tí ó jẹ́ káfíńtà, ọmọ ẹgbẹ́ wa, kọ lẹ́tà sí ojú ewé yìí. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n kan òrùlé tuntun sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, tí gbogbo wa wọ aṣọ ẹbí síbi ìṣíde rẹ̀. Ó ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó àwọn ṣì wà nílẹ̀. Ó ní òun ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì sí ìgbìmọ̀, òun kò rí èsì. Ó wá ní ojú ewé wa mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó dá owó níbi ìṣíde, títí dé ẹni tí ó dá èyí tí ó kéré jù, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ẹnì kan tí ó gun òrùlé. Ó pè wá ní akígbe àwọn ọlọ́lá.

Inú bí wa. Ọ̀kan nínú wa ní kí a ya á. Òmíràn ní bí a bá tẹ irú èyí jáde, àwọn onílùú tí a ń bá gbé yóò gbọ́ pé àwa Yorùbá kò lè san owó òrùlé orí ara wa, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn létí gbogbo wa nítorí pé ó jọ ọgbọ́n. A kò ya á, a kò sun ún. Ohun tí a ṣe ni pé a yí i dojú bolẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, akọ̀wé wa wá ìwé tí yóò kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun oṣù náà sí, kò rí òmíràn, ó sì kọ wọ́n sí ẹ̀yìn lẹ́tà bàbá.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá ọmọ kan wá bá wa pé a ṣi orúkọ ọmọ òun kọ nínú ìròyìn ìsọmọlórúkọ. A tú àpótí wò kí a lè mọ bí ó ti wà nínú èyí tí a kọ lọ́wọ́. A rí ìwé náà. A yí i padà.

Àwa mẹ́ta ni a lọ sí ilé bàbá náà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó kéré jù nínú wa ti lé ní àádọ́ta ọdún. A dọ̀bálẹ̀ sí ojúde rẹ̀, níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó ṣẹ́kù sọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọn kò ju méjì lọ mọ́. Bàbá ń wúkọ́ nínú aṣọ ìbora, ó ní kí a dìde, pé ilẹ̀ tutù. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. A sọ ohun tí a bá wá. Ó ní ó ti tán nínú òun, ṣùgbọ́n kí a jọ̀wọ́, owó àwọn ọmọ wọ̀nyí ńkọ́.

Akápò ti san ìdajì ohun tí ó kù. Ìdajì yòókù ni a óò gbé síwájú ìpàdé Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀, kí ẹni tí ó jẹ owó oṣù mú un dání wá. Lẹ́tà bàbá wà ní ojú ewé kẹrin, bí ó ti kọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ibi tí ó ti bú wa. Orúkọ ọmọ tí a ṣì kọ ni ẹ óò rí bí ó ti yẹ ní ojú ewé kẹfà. Ẹ bá wa kí ìyá rẹ̀.